Kọfí Ṣíṣe ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: Láti Oko dé Inú Ife

Kọfí jẹ́ ohun mímu tí a ń fi èso igi Coffea ṣe. A máa ń yan kóró inú èso náà títí yóò fi dúdú, a óò lọ̀ ọ́, a óò sì da omi gbígbóná lé e lórí kí adùn àti agbára rẹ̀ lè wọ inú omi. Iṣẹ́ tí ó kù lẹ́yìn èyí ni bí a óò ṣe ya èérí kúrò lára omi. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó hàn gbangba jù nínú ìtàn kọfí mímu ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn kan ń fi aṣọ sẹ́ ẹ, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gàl ti ń ṣe kọfí Touba. Àwọn kan ń ra kọfí tí ilé-iṣẹ́ ti sẹ́, tí ó sì ti sọ di ẹ̀tù gbígbẹ, èyí tí kò ní èérí rárá. Àwọn mìíràn, pàápàá ní ìlú ńlá, ń lo ìkòkò gíláàsì tí a ń pè ní French press, tí a fi ọ̀pá àti asẹ́ onírin tẹ èérí rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ìtàn àwọn ọ̀nà wọ̀nyí kò ṣe é yà kúrò lára ìtàn oko kọfí fúnra rẹ̀, nítorí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ó ń gbin kọfí ní agbègbè yìí kì í sábà jẹ́ ẹni tí ó ń mu ún.

Igi kọfí àti ilẹ̀ tí ó ti hù

Ilẹ̀ Áfíríkà ni àwọn igi kọfí tí a ń gbìn fún títà lágbàáyé ti ṣẹ̀. Coffea arabica ni a mọ̀ jù lọ láàrin wọn. Igbó orí òkè ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Ethiópíà ni ó ti hù, ó sì fẹ́ràn ilẹ̀ gíga tí ó tutù. Coffea canephora, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní robusta, jẹ́ igi inú igbó ilẹ̀ olóoru, láti Guinea títí dé Uganda. Ó le ju arabica lọ, ó ń fara da ooru àti àrùn, èso rẹ̀ sì máa ń pọ̀. Ṣùgbọ́n ó korò, kaféènì inú rẹ̀ sì tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti arabica. Coffea liberica gba orúkọ rẹ̀ láti ara Làìbéríà. Coffea stenophylla ní tirẹ̀ jẹ́ igi igbó Sierra Leone, Guinea àti Côte d'Ivoire.

Bí àwọn igi wọ̀nyí tilẹ̀ wà nínú igbó agbègbè náà, obì ni àwọn ènìyàn ibẹ̀ fi ń lé oorun àti àárẹ̀ lọ láyé àtijọ́. Àwọn oníṣòwò ń ru obì láti inú igbó ẹgàn lọ sí àwọn ìlú Sahel, a ń fi í kí àlejò, a sì ń fi í ṣe ìdána. Kaféènì kan náà ni ó wà nínú obì àti nínú kọfí. Ìlà-oòrùn ni kọfí mímu gbà di àṣà. Ní Yemen, ní ọ̀rúndún 15, àwọn Súfí ń mu ún kí wọ́n lè wà lójúfò nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìrántí Ọlọ́run lóru. Láti ibẹ̀ ni ó ti dé Íjíbítì àti Tọ́kì, kí ó tó dé Yúróòpù ní ọ̀rúndún 17. Nígbà tí ọjà rẹ̀ gbòòrò, àwọn ará Yúróòpù gbin igi náà sí àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Éṣíà àti ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ẹrú ọmọ Áfíríkà ṣe iṣẹ́ oko náà.

Làìbéríà wà lára àwọn ilẹ̀ tí ó kọ́kọ́ tà á sí òkè-òkun ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn tí ó ti Amẹ́ríkà padà wá tẹ̀dó síbẹ̀ gbin liberica, kọfí sì di ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí orílẹ̀-èdè náà ń tà ní ọ̀rúndún 19. Nígbà tí àrùn ìpẹtà ewé kọlu oko arabica ní Ceylon, tí a ń pè ní Sri Lanka lónìí, ní ọdún 1869, àwọn àgbẹ̀ Éṣíà bẹ̀rẹ̀ sí í wá irúgbìn liberica kiri nítorí pé wọ́n rò pé yóò lè kojú àrùn náà. Àǹfààní yìí kò pẹ́ títí. Kọfí Bràsíl kún ọjà, owó rẹ̀ sì wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olóko Làìbéríà kò lè bá a díje mọ́ nígbà tí ọ̀rúndún náà fi ń parí lọ.

Oko kọfí àti iṣẹ́ tipátipá

Côte d'Ivoire ni orílẹ̀-èdè tí kọfí ti ní ipa jù lọ ní agbègbè yìí. Ní ọdún 1881, ilé-iṣẹ́ oníṣòwò ará Faransé kan, Arthur Verdier, dá oko kọfí sílẹ̀ ní Elima, létí ọ̀sà Aby. Ìlọsíwájú rẹ̀ kò yá títí di àwọn ọdún 1930, nígbà tí ìjọba Faransé fi owó ẹnubodè ṣe ààbò fún kọfí tí ó bá ti àwọn ilẹ̀ abẹ́ àkóso rẹ̀ wá. Láti ìgbà náà ni àwọn olóko aláwọ̀ funfun àti àwọn àgbẹ̀ ọmọ ilẹ̀ ti ń fẹ oko wọn lójú.

Iṣẹ́ oko kọfí gba ọwọ́ púpọ̀. A ní láti ṣán igbó, kí a gbin ọ̀dọ́ igi, kí a sì máa ro ó fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so. Èso rẹ̀ kì í pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ọwọ́ ni a fi ń já a. Lẹ́yìn èyí a óò sá a, a óò bó o, a óò sì ṣa ìdọ̀tí kúrò nínú rẹ̀. Ìjọba amúnisìn fi iṣẹ́ tipátipá pèsè ọwọ́ tí àwọn olóko aláwọ̀ funfun nílò. Alákòóso agbègbè á dá iye ọkùnrin tí olóyè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú jáde, a óò sì kó wọn lọ sí oko, sí ojú ọ̀nà àti sí ojú irin. Ní ọdún 1932, ìjọba Faransé tú ilẹ̀ Upper Volta, tí ó di Bùrkínà Fasò lẹ́yìn náà, ká, ó sì fi apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kún Côte d'Ivoire, kí ó lè rọrùn láti kó àwọn ọkùnrin ibẹ̀, pàápàá àwọn Mossi, lọ sí gúúsù. Ojú irin tí ó ti Abidjan wá dé Bobo-Dioulasso ní ọdún 1934, òun ni ó sì ń kó ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Àwọn àgbẹ̀ ọmọ ilẹ̀ kò bọ́ nínú ìyà yìí. Ẹni tí ó ní oko kọfí tirẹ̀ lè jí ní òwúrọ̀ kí a sì mú un lọ ṣiṣẹ́ ní oko ẹlòmíràn, kí èso tirẹ̀ sì máa jábọ́ sílẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìnira náà tún pọ̀ sí i. A ń pín òṣìṣẹ́ fún olóko aláwọ̀ funfun, a sì ń san owó tí ó pọ̀ jù fún irè rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ tí ó ń gbin ohun kan náà kò rí irú ojúrere bẹ́ẹ̀.

Láti inú ìbínú yìí ni ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ọmọ Áfíríkà, Syndicat Agricole Africain, ti jáde ní Abidjan ní ọdún 1944. Félix Houphouët-Boigny ni olórí rẹ̀. Ó ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Dakar, ó jẹ́ olóyè ní agbègbè Yamoussoukro, ó sì ní oko kòkó àti kọfí tirẹ̀. Ní ọdún 1945, a dìbò yàn án sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Paris. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1946, ilé náà fọwọ́ sí òfin tí ó fòpin sí iṣẹ́ tipátipá ní gbogbo ilẹ̀ abẹ́ Faransé, òfin tí ó ń jẹ́ orúkọ Houphouët-Boigny títí di òní. Ó di olórí orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire ní ọdún 1960, ó sì wà lórí oyè títí ó fi kú ní ọdún 1993.

Láti ìgbà ọ̀pọ̀ dé ìgbà ọ̀wọ́n

Àwọn tí ó sọ pé oko yóò parun bí kò bá sí ipá ṣìnà. Lẹ́yìn òfin náà, àwọn òṣìṣẹ́ láti àríwá ń wá fúnra wọn nítorí owó ọ̀yà tàbí nítorí ìpín. Nínú ètò tí a ń pè ní abusan, a máa ń pín irè oko sí ọ̀nà mẹ́ta, òṣìṣẹ́ á sì mú ìdá kan. Odò tí a gbẹ́ ní Vridi ní ọdún 1950 so ọ̀sà Abidjan mọ́ òkun, ọkọ̀ ojú omi ńlá sì lè wọlé wá kó ẹrù. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé òmìnira, Côte d'Ivoire di ẹni kẹta lágbàáyé nínú kọfí títà, lẹ́yìn Bràsíl àti Kòlómbíà. Robusta ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ Faransé sì ni ọ̀kan pàtàkì nínú ọjà rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tilẹ̀ fi arabica àti robusta ṣe àmúlùmálà igi kan níbẹ̀ tí wọ́n pè ní arabusta, kí kọfí ilẹ̀ olóoru lè dùn lẹ́nu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò so tó robusta, nítorí náà kò gba oko àwọn àgbẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí a ń pè ní Caisse de stabilisation ni ó ń dá iye tí àgbẹ̀ yóò gbà. Nígbà tí òtútù ńlá pa igi kọfí ní Bràsíl ní oṣù keje ọdún 1975, owó kọfí lọ sókè fíofío ní gbogbo ayé, ṣùgbọ́n apá tí ó pọ̀ nínú èrè náà wọ àpò ìjọba. Àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí kọfí, tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1962, ni ó ń ṣètò iye tí olúkúlùkù lè tà. Ní oṣù keje ọdún 1989 ètò náà wó, owó ọjà sì já lulẹ̀. Ìjọba Côte d'Ivoire, tí kò fẹ́ kí owó àgbẹ̀ dín kù tẹ́lẹ̀, gé e sí ìdajì. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ pa oko kọfí tì, wọ́n sì gbájú mọ́ kòkó. A tú Caisse de stabilisation ká ní ọdún 1999, ogun abẹ́lé sì bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2002. Láti ìgbà náà, orílẹ̀-èdè náà kò tíì padà sí ipò kẹta tí ó wà tẹ́lẹ̀.

Kọfí Touba

Sẹ̀nẹ̀gàl kì í ṣe ilẹ̀ oko kọfí, síbẹ̀ ibẹ̀ ni kọfí mímu ti di àṣà tí ó jinlẹ̀ jù ní agbègbè yìí. Ohun mímu náà ń jẹ́ kọfí Touba, láti ara ìlú mímọ́ tí Ṣéèhù Amadou Bamba, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ Mouride sílẹ̀, tẹ̀ dó ní ìparí ọ̀rúndún 19. Ìjọba Faransé bẹ̀rù ogunlọ́gọ̀ tí ó ń tẹ̀lé e. Ní ọdún 1895, wọ́n lé e lọ sí Gabon, ó sì wà nígbèkùn níbẹ̀ títí di ọdún 1902. Wọ́n tún lé e lọ sí Mauritania ní ọdún 1903. Ó kú ní Diourbel ní ọdún 1927, a sì sin ín sí Touba. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ gbà pé láti ìgbèkùn Gabon ni ó ti mú ohun mímu náà wá. Wọ́n ń mu ún nígbà sìkírì òru, gẹ́gẹ́ bí àwọn Súfí Yemen ti ń ṣe ní ọ̀rúndún mẹ́rin ṣáájú wọn, wọ́n sì ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn èrò tí ó ń wá sí Touba lọ́dọọdún fún àjọ̀dún Magal, tí í ṣe ìrántí ọjọ́ tí ó lọ sí ìgbèkùn.

Ohun tí ó ya kọfí yìí sọ́tọ̀ ni èso kan tí àwọn Wolof ń pè ní djar. Xylopia aethiopica ni, èyí tí Yorùbá mọ̀ sí ẹ̀ẹ̀rù, tí wọ́n ń fi sínú àgbo àti ọbẹ̀ ata. A óò yan kóró kọfí pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀rù, àwọn mìíràn á sì fi kànáfùrù díẹ̀ kún un. A óò gún un tàbí kí a lọ̀ ọ́, a óò kó o sínú aṣọ tí a rán bí àpò, a óò sì da omi híhó lé e lórí kí ó máa kán sínú ìkòkò. A óò fi ṣúgà sí i. Ẹni tí ó ń tà á á gbé ife kan sókè, yóò sì máa dà á láti inú rẹ̀ sínú èkejì kí ó lè hó kí ó sì rọ̀. Ata kì í sí nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó ń ta lẹ́nu díẹ̀ nítorí ẹ̀ẹ̀rù.

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn Mouride nìkan ni a mọ̀ mọ́ ọn. Bí wọ́n ti ń kó wọ ìlú ńlá fún òwò ni kọfí náà bá wọn wọ̀lú, títí ó fi di ohun tí gbogbo ènìyàn, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, ń rà ní etí ọ̀nà ní Dakar. Robusta Côte d'Ivoire àti ti Guinea ni ó ń wọ inú rẹ̀. Báyìí ni kọfí tí a gbìn ní apá kan Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe rí ilé sí apá kejì, láìkọ́kọ́ gba Yúróòpù kọjá.

Kọfí tí ń yòrò nínú omi

Ní àwọn orílẹ̀-èdè yòókù, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí kọfí ni èyí tí ó wà nínú agolo tàbí nínú ọ̀rá kékeré, tí ń yòrò bí a bá ti da omi gbígbóná sí i. Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti Bràsíl. Nígbà tí owó kọfí já lulẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1929, kọfí kún àká Bràsíl tí kò sí ẹni tí yóò rà á. Wọ́n bẹ ilé-iṣẹ́ Nestlé ní Switzerland láti wá ọ̀nà tí a lè gbà tọ́jú rẹ̀. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Max Morgenthaler ṣiṣẹ́ lé e lórí fún ọdún púpọ̀, Nescafé sì jáde sọ́jà ní ọdún 1938. Ogun Àgbáyé Kejì gbé e ká ayé, nítorí pé àwọn ọmọ ogun nílò ohun mímu tí kò béèrè fún asẹ́ tàbí ọlọ.

Robusta bá iṣẹ́ yìí mu. Owó rẹ̀ kéré, ohun tí a lè fà jáde láti inú rẹ̀ sì pọ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe é wà ní Abidjan, tí apá kan robusta ilẹ̀ náà sì ń bá ibẹ̀ lọ. Ní ojú pópó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ahéré kékeré tí a ti ń ta kọfí yíyòrò pẹ̀lú mílíìkì oníṣúgà, búrẹ́dì àti ẹyin jẹ́ ibi ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ láàárọ̀. Ní Nàìjíríà, àwọn Hausa ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń ṣe òwò yìí, a sì ń pe ẹni tí ń ṣe é ní mai shayi. Ọ̀rọ̀ náà wá láti ara tíì, kò sì yani lẹ́nu, nítorí pé lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, tíì ni gbogbo ohun mímu gbígbóná onímílíìkì ń jẹ́, ìbáà ṣe kòkó, ìbáà ṣe kọfí.

Ìtàn French press

French press kò pẹ́ ní agbègbè yìí, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ ti pẹ́. Ní ọdún 1852, ará Faransé méjì, Mayer àti Delforge, gba ìwé àṣẹ oníhùmọ̀ lórí ìkòkò kọfí kan tí ó ní ọ̀pá láàrin. Wọ́n fi páànù tí a dá ihò sí àti aṣọ sí ìdí ọ̀pá náà, kí a lè fi í ti èérí sí ìsàlẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé páànù náà kò fún mọ́ ara ìkòkò, èérí sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gòkè. Ní ọdún 1929, àwọn ará Ítálì méjì, Attilio Calimani àti Giulio Moneta, gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ tí ó dára jù ú lọ, èyí tí etí asẹ́ rẹ̀ fún mọ́ ara ìkòkò. Ní ọdún 1958, ará Ítálì mìíràn, Faliero Bondanini, tún un ṣe, wọ́n sì ń ṣe é ní ilẹ̀ Faransé, nínú ilé-iṣẹ́ kan tí ó ti ń ṣe fèrè klarinẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀, lábẹ́ orúkọ Chambord. Láti ọdún 1974 ni ilé-iṣẹ́ Bodum ti Denmark ti ń ṣe tirẹ̀, òun ni ó sì mú kí ohun èlò náà wọ ilé púpọ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Nítorí náà, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ti Faransé, àwọn ará Ítálì ni ó sọ ọ́ di ohun tí ó ṣe é lò.

Fún ìdílé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àǹfààní kan wà nínú rẹ̀ tí ó ju ẹwà lọ. Kò lo iná mànàmáná, kò sì nílò bébà tí a óò máa rà lemọ́lemọ́. Omi gbígbóná àti kọfí lílọ̀ nìkan ni ó béèrè.

Bí a ṣe ń lò ó

Ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ ni nǹkan bí gíráàmù 60 kọfí fún lítà omi kan. Fún ife ńlá kan tí ó gba ìdá mẹ́ta lítà, gíráàmù 20 tó. Kọfí náà kò gbọdọ̀ kúnná bí èlùbọ́. Ó yẹ kí ó rí wóróworó bíi gààrí, nítorí pé èyí tí ó bá kúnná jù á gba ojú asẹ́ kọjá, yóò sì mú kí ọ̀pá le láti tẹ̀. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìlọ̀ lè gún kóró yíyan nínú odó, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó fi ajọ̀ jọ̀ ọ́, kí ó sì yọ èyí tí ó ti di ẹ̀tù kúrò.

A óò kọ́kọ́ fi omi gbígbóná ṣan ìkòkò náà kí ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí pé omi híhó lè sán gíláàsì tútù. Bí omi bá hó, a óò jẹ́ kí ó sinmi fún nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú. A óò da kọfí sínú ìkòkò, a óò da omi lé e, a óò rò ó lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, a óò sì dé e láìtẹ ọ̀pá. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin, a óò tẹ ọ̀pá náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá le, a kò gbọdọ̀ fi agbára tì í, nítorí pé omi gbígbóná lè ta jáde kí ó sì bó ni. A óò fà á sókè díẹ̀, a óò sì tún un tẹ̀. Bí ó bá ti dé ìsàlẹ̀, kí a dà á sínú ife lójú ẹsẹ̀, nítorí pé kọfí tí ó bá jókòó lórí èérí rẹ̀ á máa korò sí i. Lẹ́yìn èyí, kí a tú asẹ́ náà, kí a sì fọ̀ ọ́ dáadáa, nítorí òróró tí ó bá kù sára rẹ̀ á máa rùn, yóò sì ba èyí tí a óò ṣe lọ́la jẹ́.

Asẹ́ onírin máa ń jẹ́ kí òróró kọfí kọjá sínú ife, èyí ni ó sì ń mú kí kọfí French press ki lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nínú òróró náà ni èròjà kan tí a ń pè ní cafestol wà, tí ó lè mú ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀ gòkè bí ènìyàn bá ń mu ún lọ́pọ̀ lójoojúmọ́. Bébà máa ń dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dúró. Ẹni tí dókítà bá ti kìlọ̀ fún nípa ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, asẹ́ bébà ni ó yẹ kí ó lò.

Kọfí ní Nàìjíríà

Nàìjíríà ń gbin arabica àti robusta. Arabica wà ní orí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba, níbi tí ilẹ̀ ti ga tí ó sì tutù. Robusta wà ní àwọn apá kan Kogi, Kwara, Èkìtì, Oǹdó, Ògùn àti Cross River. Àjọ ìwádìí kòkó, Cocoa Research Institute of Nigeria, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1964 ní Ìbàdàn, ni ó ń ṣe ìwádìí lórí kọfí pẹ̀lú kòkó, obì, kajú àti tíì. Títí di ọdún 1986, àwọn ìgbìmọ̀ ọjà ìjọba ni ó ń ra irè oko lọ́wọ́ àgbẹ̀. Nígbà tí a fòpin sí wọn, àgbẹ̀ kọfí kù pẹ̀lú àwọn alágbàtà, òwò náà sì rẹlẹ̀. Ó wọ́pọ̀ láti rí agolo kọfí tí ó ti òkè-òkun wá lórí àtẹ ní ìlú tí igi kọfí wà nínú oko ẹ̀yìn rẹ̀.

Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn ilé kọfí ti ń pọ̀ ní Èkó àti Àbújá, àwọn oníṣòwò kéékèèké sì ti ń yan kọfí ilẹ̀ náà, wọ́n ń dì í sínú ọ̀rá, wọ́n sì ń tà á fún àwọn tí ó fẹ́ ṣe é nílé. Irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń lọ ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ní Guinea, robusta agbègbè Macenta, tí a ń pè ní Ziama-Macenta, wà lára irè oko mẹ́ta àkọ́kọ́ tí àjọ OAPI, tí ń bójú tó ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, fún ní ààbò orúkọ ìlú ní ọdún 2013. Èyí túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tí ó lè fi orúkọ Macenta ta kọfí ibòmíràn.

Igi tí a tún rí

Ooru tí ń pọ̀ sí i ní ayé ń fi arabica sínú ewu. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣe padà sínú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Coffea stenophylla, tí a ti kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1834, tí a sì gbìn fún títà ní Sierra Leone nígbà kan rí, ti di ohun ìgbàgbé lẹ́yìn tí robusta gba oko. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018, àwọn aṣèwádìí láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Sierra Leone rí i nínú igbó Sierra Leone. Nínú ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2021, àwọn atọ́wò tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kọfí títọ́ wò sọ pé adùn rẹ̀ jọ ti arabica, bẹ́ẹ̀ ni ó ń hù ní ibi tí ooru rẹ̀ fi nǹkan bí ìwọ̀n Celsius mẹ́fà ju èyí tí arabica fẹ́ lọ.

Àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin ín fún ìdánwò. Bí ó bá yọrí sí rere, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru yóò ní kọfí aládùn tí kò nílò òkè gíga. Ìbéèrè tí àwọn àgbẹ̀ Côte d'Ivoire gbé dìde ní ọdún 1944, nípa ẹni tí èrè oko yẹ kí ó wà fún, yóò sì tún padà wá. Lára ìdáhùn rẹ̀ ni ibi tí a bá ti yan kóró náà, ibi tí a bá ti lọ̀ ọ́, àti ẹni tí ó bá mu ún.